Kí ni wọ́n ń pè ní kúbíìtì?

Obìnrin kan tó ń ṣe POS nítòsí ọjà Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́, dá mi dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó gbọ́ lórí WhatsApp pé kọ̀ǹpútà kan ń bọ̀ tí kò sí àṣírí báńkì tí kò ní lè tú. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n lọ kó owó mi ni?" Mo ní kó fi í síbẹ̀. Àmọ́ bí ò nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kọ̀ǹpútà quantum ni wọ́n ń sọ, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dé, kúbíìtì ló yẹ kó kọ́kọ́ yé e.

Bíìtì ló ṣáájú kúbíìtì, babaláwo sì ti ń lo irú rẹ̀ kí ayé tó gbọ́ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Bí wọ́n bá jù ú sílẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan á dojú dé tàbí kó ṣíjú. Kò sí ẹ̀kẹta. Ọ̀nà 256 ni ojú mẹ́jọ lè gbà balẹ̀, òun náà sì ni iye odù Ifá. Nínú fóònù yín, òdo tàbí oókan ni bíìtì kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ ló ń di báìtì kan, ọ̀nà 256 náà ni báìtì sì lè gbà jókòó. Mi ò sọ pé òyìnbó jí Ifá gbé o, ìṣirò kan náà ni mo ń sọ.

Kúbíìtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí a tó wò ó, òdo àti oókan ló pa pọ̀ sínú rẹ̀, ti èkíní lè pọ̀ ju ti èkejì lọ. Àwọn kan á ní ó dà bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí kò tíì balẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, kò tíì jẹ́ ẹ. Ìwọ̀n méjèèjì inú kúbíìtì ń ṣe bí ìgbì omi. Ẹ ju òkúta méjì sínú odò Ọbà nígbà tó bá pa rọ́rọ́: níbi tí ìgbì wọn ti pàdé, omi á ga sí i níhìn-ín, ìgbì méjèèjì á sì pa ara wọn lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ ẹni tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà quantum nìyẹn: kó darí ìgbì tí àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà á fi pa ara wọn, kí èyí tó tọ̀nà ga. Àwọn tó ń sọ pé ńṣe ló ń dán gbogbo ìdáhùn wò lẹ́ẹ̀kan náà ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, ìgbà tí a bá wò ó, èyíkéyìí ló lè já sí.

Ìṣirò tí ọgbọ́n yìí bá lára mu kò pọ̀. Peter Shor, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, rí ọ̀kan ní 1994. 3 lọ́nà 5 jẹ́ 15, kò sí ọmọ ilé ìwé tí kò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bí wọ́n bá gbé nọ́ńbà tí ẹyọ òǹkà inú rẹ̀ ju 600 lọ fún yín, tí wọ́n ní kí ẹ wá méjì tí wọ́n sọ di púpọ̀ tó fi di bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà tó wà lóde báyìí kò lè rí i. Orí ìṣòro yẹn ni ọ̀pọ̀ àgádágodo orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ àṣírí pa, dúró lé. Ọ̀nà tí Shor rí lè ṣí i.

Kí ló wá dá a dúró? Àṣìṣe ni. Ooru díẹ̀, kúbíìtì ti dàrú. Inú ẹ̀rọ amómitutù tó tutù ju òfurufú àárín àwọn ìràwọ̀ lọ ni Google àti IBM ń fi tiwọn sí (ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba Ògbómọ̀ṣọ́ kó má dán an wò), síbẹ̀ kúbíìtì ṣì ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n wá ń kó kúbíìtì púpọ̀ jọ kí wọ́n lè ṣe bí ẹyọ kan tó ṣeé fọkàn tán. Ẹ wo àwọn onídùndún: bí ẹnì kan bá ṣìlù, àwọn yòókù á gbé e padà. Àmọ́ bí gbogbo wọn bá jẹ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ọwọ́ wọn kò tíì yọ, bí wọ́n bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìlù á máa dàrú. Bó ṣe rí fún kúbíìtì nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní December 2024, Google fi hàn pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn tó ń jẹ́ Willow, tó ní kúbíìtì 105, pé bí wọ́n ti ń fẹ àkójọ náà láti 3 lọ́nà 3 sí 5 lọ́nà 5, títí dé 7 lọ́nà 7, nǹkan bí ìdajì ni àṣìṣe ń dín kù nígbà kọ̀ọ̀kan. IBM ti ṣe ẹ̀rọ Condor oní-kúbíìtì 1,121 ní ọdún kan ṣáájú, síbẹ̀ lójú tèmi ti Willow ju ìyẹn lọ. Bí ìròyìn bá ń ka iye kúbíìtì fún mi, iye àṣìṣe ni mo máa ń béèrè.

Ní 2019, ìṣirò kan láti Google sọ pé kúbíìtì 20 mílíọ̀nù la nílò láti ṣí àgádágodo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní 2025, Craig Gidney ti Google kan náà ní kò ní tó mílíọ̀nù kan, kò sì ní gbà tó ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ẹni tó tíì sún mọ́ ìyẹn. IBM ń lé 2029 fún ẹ̀rọ tí yóò ní 200 kúbíìtì tó ṣeé fọkàn tán, irú èyí tí wọ́n kó púpọ̀ jọ ṣe ẹyọ kan. Ní August 2024, NIST, àjọ tó ń gbé ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti gbé irú àgádágodo tuntun mẹ́ta jáde tí ọgbọ́n Shor kò ràn. Ẹni tó yẹ kó ṣàníyàn báyìí ni ẹni tí àṣírí rẹ̀ gbọ́dọ̀ pẹ́, nítorí ẹnikẹ́ni lè kó ọ̀rọ̀ tí a tì pa lónìí pa mọ́ títí dìgbà tí kọ́kọ́rọ́ á dé.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó bi mí bóyá kọ̀ǹpútà yìí á jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì POS yá. Mo ní rárá, kò kan ìyẹn. Iṣẹ́ àwọn tó ń wá oògùn tuntun àti ohun èlò tuntun ló lè yá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n kọ́kọ́ bá wa tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ná," ó sì yíjú sí oníbàárà tó dúró lẹ́yìn mi.