Ta Ló Ni Ọjà, Ta Ló Ni Igbó? Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ọrọ̀ Ajé Agbègbè àti Ìdùnnú Ènìyàn

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ìròyìn gbòde pé orílẹ̀-èdè Finland tún gba ipò kìíní nínú ìwádìí tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìdùnnú àwọn ènìyàn jákèjádò ayé, ìgbà kẹjọ léraléra sì nìyẹn. Ìròyìn náà rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, nítorí pé Bhutan, orílẹ̀-èdè kékeré tí ó sọ pé ìdùnnú ará ìlú ni òun yóò máa fi díwọ̀n ìlọsíwájú, kò sí láàárín àwọn tí wọ́n wà lókè. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí ń polongo ọrọ̀ ajé agbègbè ń tẹnu mọ́ ọn pé ohun tí ń mú inú ènìyàn dùn àti ohun tí ń dá ààbò bo àyíká kò ta kora wọn. Àwọn ìbéèrè tí ó jẹ yọ nìyí, pẹ̀lú ìdáhùn wọn.

Ṣé àwọn ará Finland ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín jù láyé ni?

Rárá, kì í ṣe ẹ̀rín ni wọ́n ń kà. Wọ́n ń ní kí ènìyàn fojú inú wo àkàbà tí ìpele rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 10, kí ó fi ìgbésí ayé tí ó dára jù lọ fún un sí 10, kí ó fi èyí tí ó burú jù lọ sí 0, kí ó wá sọ ibi tí òun dúró sí. Nígbà tí àwọn olùwádìí ń wá ohun tí ó fa ìyàtọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè kan àti èkejì, wọ́n rí i pé owó tí ń wọlé kópa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlera náà kópa, bẹ́ẹ̀ ni níní ẹni tí a lè sá tọ̀ nígbà ìṣòro, òmìnira láti yan bí a ó ṣe gbé ayé wa, ìwà ọ̀làwọ́, àti ìgbàgbọ́ pé ìwà ìbàjẹ́ kò gbilẹ̀ nínú ìjọba àti okòwò. Ìwádìí ti ọdún 2025 fi kún un pé ẹni tí ó gbà pé bí àpò owó òun bá sọnù, ẹni tí ó bá he é yóò dá a padà, inú irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dùn ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìfọkàntán láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń gbé kò ṣeé rà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà ń ṣòwò lè mú un dàgbà, ó sì lè pa á run. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìdùnnú ti kan ọ̀rọ̀ ajé.

Bhutan ńkọ́? Kí ló dé tí kò fi sí lókè?

Ọba Jigme Singye Wangchuck, tí ó gorí ìtẹ́ ní ọdún 1972, ni ó sọ pé ìdùnnú gbogbo ará ìlú ṣe pàtàkì ju àpapọ̀ owó tí orílẹ̀-èdè ń pa lọ. Ọ̀rọ̀ náà di òfin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn ti ọdún 2008, èyí tí ó tún pa á láṣẹ pé, ó kéré tán, ìdá 60 nínú ìdá 100 ilẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ igbó títí láé. Abala 9 ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìdùnnú, pẹ̀lú àmì 33, lára wọn sì ni bí ènìyàn ṣe ń lo àkókò rẹ̀, bí àjọṣe àdúgbò ṣe rí, àti bí àyíká ṣe wà.

Síbẹ̀, ipò 95 nínú orílẹ̀-èdè 156 ni Bhutan wà nínú ìwádìí àgbáyé ti ọdún 2019, àti pé láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ti ń ṣí lọ sí Australia lọ́pọ̀ yanturu. Àlàyé kan ni pé òṣùwọ̀n méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà: àkàbà alábala kan kò bi ènìyàn nípa igbó tàbí àjọṣe. Ṣùgbọ́n àlàyé kejì ni mo kà sí pàtàkì jù. Iná mànàmáná tí wọ́n ń fi agbára omi ṣe, tí wọ́n sì ń tà fún Íńdíà, wà lára ohun tí ń mú owó wọlé fún ìjọba Bhutan jù lọ, ṣùgbọ́n irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í gba òṣìṣẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán. Igbó wà, ilé ìwé wà, ọ̀dọ́ kàwé tán, kò sì rí iṣẹ́ tí yóò fi ìwé náà ṣe ní ibi tí wọ́n bí i sí. Èyí kò fi hàn pé Bhutan ṣìnà. Ohun tí ó fi hàn ni pé ètò ìdùnnú tí kò bá ní iṣẹ́ gidi nínú, ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kò tíì pé.

Kí ni à ń pè ní ọrọ̀ ajé agbègbè gan-an?

Ọrọ̀ ajé tí àwọn tí wọ́n ń gbé níbì kan ní ìpín nínú rẹ̀, tí wọ́n ní ohùn nínú bí a ṣe ń darí rẹ̀, tí èrè rẹ̀ sì ń yí láàárín wọn kí ó tó jáde.

Báwo ni owó ṣe ń yí, kí ni ó sì ń ṣe bí ó bá jáde?

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò ṣe é. Ká ní owó 100 wọ ìlú kan, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá dé ọwọ́ rẹ̀ sì ń ná ìdá 80 nínú ìdá 100 rẹ̀ láàárín ìlú náà. Ẹni àkọ́kọ́ gba 100, ẹni kejì gba 80, ẹni kẹta gba 64, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dínkù títí yóò fi tán. Bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, owó 100 yẹn ti ṣiṣẹ́ 500. Bí ó bá jẹ́ ìdá 20 péré ni wọ́n ń ná nínú ìlú, tí ìyókù ń lọ sọ́dọ̀ onílé iṣẹ́ tí kò gbé ibẹ̀, owó 100 kan náà kò ní ṣiṣẹ́ ju 125 lọ. Kò sí ẹni tí ó jalè nínú ọ̀ràn yìí, owó náà kàn kọjá lọ ni. Ìdí nìyí tí ìlú kan fi lè ní iléeṣẹ́ ńlá, kí ọjà rẹ̀ kún fún èrò, kí àwọn tí ń gbé ibẹ̀ sì wà nínú òṣì.

Ǹjẹ́ ẹ̀rí wà pé èyí ń mú inú ènìyàn dùn?

Ẹ̀rí tí mo rò pé ó lágbára jù wá láti Preston, ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2011, ètò ilé ìtajà ńlá kan tí wọ́n ti ń retí fọ́jọ́ pípẹ́ foríṣánpọ́n. Dípò kí ìgbìmọ̀ ìlú náà tún máa wá olówó mìíràn láti òkèèrè, wọ́n bi ara wọn pé níbo ni owó tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba, ilé ìwé gíga àti irú àjọ bẹ́ẹ̀ ń ná lọ́dọọdún ń lọ. Wọ́n rí i pé nínú iye tí àwọn àjọ wọ̀nyí fi ń ra nǹkan, tí wọ́n sì fi ń gbé iṣẹ́ síta ní ọdún 2012 sí 2013, ìdá 5 nínú ìdá 100 péré ni ó dúró sí Preston, èyí tí í ṣe nǹkan bí mílíọ̀nù 38 owó pọ́n-ùn. Wọ́n pín iṣẹ́ ńlá sí kékeré kí àwọn oníṣòwò àdúgbò lè du ú, wọ́n sì rọ àwọn àjọ náà láti san owó ọ̀yà tí ó tó gbọ́ bùkátà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2016 sí 2017, iye náà ti lé ní mílíọ̀nù 110 owó pọ́n-ùn, ìdá 18 nínú ìdá 100. Ìwádìí ìlera kan tí ó jáde ní ọdún 2023 wá rí i pé ìtẹ́lọ́rùn àwọn ará ìlú náà fi ìdá 9 nínú ìdá 100 ju ohun tí à bá retí lọ, owó ọ̀yà fi ìdá 11 jù ú lọ, àti pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí àwọn dókítà ń kọ fún ènìyàn kò tó iye tí ìbá jẹ́.

Ìwádìí kan kò tó láti parí àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ètò ìnáwó ìjọba tí a lè tọ ipa rẹ̀ dé inú ọkàn ènìyàn báyìí.

Ṣé bí orílẹ̀-èdè bá ti lówó sí i, ìdùnnú kò ní tẹ̀lé e ni?

Ó ń tẹ̀lé e dé ìwọ̀n kan, pàápàá níbi tí ìyà pọ̀. Ṣùgbọ́n Richard Easterlin, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, sọ ní ọdún 1974 pé ní Amẹ́ríkà, owó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ìdùnnú tí àwọn ènìyàn ń sọ kò sì gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ṣì ń jiyàn lé e lórí títí di òní. Simon Kuznets, ẹni tí ó ṣe ìṣirò àpapọ̀ owó tí ń wọlé fún orílẹ̀-èdè náà, ti kìlọ̀ fún àwọn aṣòfin wọn láti ọdún 1934 pé kí wọ́n má ṣe fi iye náà mọ bí nǹkan ṣe ń dára fún ará ìlú sí. A gba òṣùwọ̀n náà lọ́wọ́ rẹ̀, a kò gba ìkìlọ̀ rẹ̀.

Ṣé ohun tí ó bá ti wá láti ìtòsí ni kì í ba àyíká jẹ́?

Rárá, kí á sì ṣọ́ra níbí gan-an, nítorí àṣìṣe yìí wọ́pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ oúnjẹ, ìrìnnà kì í tó ìdá 10 nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́ olóró tí oúnjẹ náà ń fà. Bí wọ́n ṣe gbìn ín tàbí bí wọ́n ṣe sìn ín ni ó ń pinnu èyí tí ó pọ̀ jù. Tòmátì tí wọ́n fi iná ooru gbìn nínú ilé ní ìgbà òtútù, ní ìtòsí, lè ba ojú ọjọ́ jẹ́ ju èyí tí oòrùn mú hù ní ọ̀nà jíjìn tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wá. Ohun tí wọ́n bá fi ọkọ̀ òfuurufú gbé nìkan ni ìrìnnà rẹ̀ wúwo ní tòótọ́.

Níbo wá ni àǹfààní agbègbè wà fún àyíká? Ó wà nínú pé ẹni tí ó ń pinnu ni ẹni tí yóò jìyà ìpinnu náà. Elinor Ostrom, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ní ọdún 2009, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń pín igbó, omi àti pápá ìjẹko láìsí pé ìjọba tàbí olówó kan gbà á. Ọ̀kan lára àpẹẹrẹ rẹ̀ ni abúlé Törbel ní Switzerland. Láti ọdún 1517 ni òfin wọn ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da màlúù sí pápá orí òkè ju iye tí ó lè bọ́ nílé ní ìgbà òtútù lọ, nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra màlúù wá láti fi jẹ èrè pápá gbogbogbòò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan kò ní ọ̀nà. Àwọn olùmúlò fúnra wọn ni wọ́n ṣe òfin, tí wọ́n ń ṣọ́ ọ, tí wọ́n sì ń gba owó ìtanràn. Ostrom kò sọ pé gbogbo abúlé ni ó lè ṣe é, ó kọ́ wa pé níbi tí ààlà bá hàn, tí àwọn olùmúlò ní ohùn, tí ìjìyà sì wà fún arúfin, ohun àjọni kì í ṣòfò.

Ṣé kí á wá dẹ́kun ríra ọjà òkèèrè?

Rárá. Kò sí agbègbè tí ó lè ṣe gbogbo nǹkan fúnra rẹ̀, oògùn àti ẹ̀rọ jẹ́ ẹ̀rí.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ńkọ́? Ṣé ó lè tóbi kí ó má bàjẹ́?

Mondragón ní ilẹ̀ Basque ti Spain bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1956 lábẹ́ ìtọ́sọ́nà àlùfáà kan, José María Arizmendiarrieta, ó sì ti di àgbájọ ẹgbẹ́ tí ó ní ẹgbẹẹgbàárùn-ún òṣìṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ni iléeṣẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ kan sì ní ìbò kan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2013, Fagor, ẹ̀ka rẹ̀ tí ń ṣe ohun èlò ilé, wó lulẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó kù gba ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ síṣẹ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ṣubú gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ yòókù, ẹni tí yóò gbé àwọn tí ó ṣubú dìde ni ó fi yàtọ̀.

Ìlú lè tẹ owó tirẹ̀ bí?

Wörgl ní Austria gbìyànjú rẹ̀ ní ọdún 1932, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n káàkiri ayé. Ìwé owó wọn ń pàdánù ìdá 1 nínú ìdá 100 iye rẹ̀ lóṣooṣù, nítorí náà kò sí ẹni tí ó fẹ́ kó o pamọ́. Wọ́n fi san owó àwọn tí ó tún ọ̀nà ṣe, ó sì ń yí kánkán. Báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè náà fòfin dè é ní ọdún 1933. Àwọn owó àdúgbò tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà yàtọ̀ síra: WIR ti Switzerland, tí àwọn oníṣòwò dá sílẹ̀ ní ọdún 1934, ṣì wà, ti Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Kí ni ó yẹ kí á bẹ̀rù?

Ohun méjì ni mo bẹ̀rù jù. Èkínní ni kí ọ̀rọ̀ agbègbè di ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ àti àlejò. Ẹni tí ó ń gbé ìlú, tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí ó sì ń san owó orí níbẹ̀, ará ìlú ni; bí a bá fi ètò yìí lé e jáde, ìfọkàntán tí a ní à ń kọ́ ni a ń wó. Èkejì ni kí àwọn alágbára àdúgbò gba gbogbo iṣẹ́ àgbàṣe fún àwọn ìbátan wọn ní orúkọ agbègbè. Owó tí ó dúró sí ọwọ́ ìdílé kan ṣoṣo kò yí, bí ìdílé náà tilẹ̀ ń gbé òdìkejì ọ̀nà.

Níbo ni ẹni tí kò ní owó púpọ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀?

Kí ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí owó ńlá wà, èyí tí í ṣe ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn, nítorí pé ohun tí àwọn wọ̀nyí ń rà ní oṣù kan lè ju ohun tí àdúgbò kan ń rà lọ́dún lọ. Kí ó béèrè, pẹ̀lú àwọn mìíràn, fún àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún àti ibi tí wọ́n fìdí sí. Bí ó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ó kọ́kọ́ wádìí bóyá wọ́n ń ka ìṣirò owó sí etígbọ̀ọ́ ọmọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, bóyá ẹni tí ó kó owó púpọ̀ sílẹ̀ àti ẹni tí ó kó díẹ̀ ní ìbò kan náà, àti bóyá ọmọ ẹgbẹ́ lè yọ olórí nípò. Bí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó fi owó rẹ̀ sọ́wọ́ ná.