Ta Ló Sọ Pé Àgbà Kì Í Ka Ìwé Àlọ́?

Mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún fóònù mi ṣe ní Òkèṣà, l'Adó-Èkìtì, mo ń ka èyí tó gbẹ̀yìn lára Narnia, àwọn ìwé àlọ́ ọmọdé tí C. S. Lewis kọ. Bàbá kan rí kìnnìún ara èèpo rẹ̀, wọ́n ní, "Ìdánwò wo lò ń kà fún?" Mo ní kò sí ìdánwò, sà. Wọ́n mi orí. "Ìwé ọmọ prámárì, pẹ̀lú irùngbọ̀n yìí?"

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. L'Èkìtì wa níbí tí a ti ń yangàn pé kò sí agbo ilé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwé ti di ohun tí a ń kà torí sáfíkéètì. Àgbà ló kọ Narnia, àgbà náà ló sì ń pàlọ́ fún ọmọ. N ò ní fìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ohun tí irú àwọn bàbá yìí máa ń rọ̀ mọ́ ni pé ẹni tó kọ ọ́ ló ní ọmọdé lòun kọ ọ́ fún. Òótọ́ ni. Àmọ́ wọn kì í ṣí ojú ewé tó ṣáájú orí kìíní. Ìwé méje ni, láti 1950 sí 1956. Èyí àkọ́kọ́, níbi tí àwọn ọmọ mẹ́rin ti gba inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ wọ ayé mìíràn, ni C. S. Lewis fi ta Lucy Barfield lọ́rẹ, ọmọ tó dúró fún níbi ìrìbọmi. Ó ní òun ò mọ̀ pé ọmọbìnrin máa ń yára dàgbà ju ìwé lọ, pé Lucy ti dàgbà ju àlọ́ lọ báyìí. Ó wá ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò dàgbà tó láti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka àlọ́. *Dàgbà tó* ló kọ! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ibẹ̀ fún bàbá náà lórí fóònù mi nígbà tí wọ́n tún un ṣe tán.

Nínú ìwé keje, Susan, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn, kò bá àwọn yòókù padà dé ayé mìíràn náà. Ó ti ń pe gbogbo ohun tójú wọn rí ní eré ọmọdé. Ìbọ̀sẹ̀ náílọ́ọ̀nù, lípsítíìkì àti òde àríyá ló kù tó ń lé. Ká ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí ni, ǹ bá fò ó kọjá. Èmi bàbá ọmọ méjì pa ìwé dé, mo ń wo títì. Látìgbà náà, ẹni tó bá ní òun ti dàgbà ju ìwé yìí lọ, mo máa ń bi í bóyá ó kà á tán.

N ò sọ pé gbogbo ìwé ọmọdé ló yẹ àgbà o. Nínú méjèèje yìí pàápàá, bó ṣe ṣàpèjúwe àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Calormen dùn mí. Ó lè jẹ́ pé Narnia yàtọ̀ ni.

Ẹ ṣáà ṣọ́ra fún nọ́ńbà tó wà lára èèpo. Èyí tí wọ́n ń kọ "1" sí lára báyìí, ọdún 1955 ló jáde, ìkẹfà ni. Orí ìwé kọ́bọ́ọ̀dù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ yẹ iwájú rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Nínú èyí tí wọ́n rà fún mi ní kékeré, ojú ewé Lucy ti ya kúrò.