Kí Ẹ Tó Yìnbọn fún Àwòdì

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí iná ìgbẹ́ sì ń jó láti Ìta-Ògbólú títí dé Ìdànrè, ẹjọ́ àwòdì a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń sin adìẹ ní agbègbè Àkúrẹ́. Àsìkò ló fà á. Bí òjò bá ti ń múlẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn àwòdì a ṣí lọ sí òkè Ọya. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọn a padà, iná ìgbẹ́ a sì máa lé eku, tata àti alángbá síta fún wọn. Òròmọdìẹ tó bá bọ́ sí àgbàlá láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ojú wọn ló bọ́ sí yẹn. Ìbéèrè tó sì máa ń tẹ̀lé e ni pé: ṣé a lè yìnbọn fún un?

Ìjọba lè fún èèyàn láṣẹ, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ tó yẹ kó gbẹ̀yìn nìyẹn. Ẹ pa ọ̀kan lónìí, bí ohun tó ń fà á wá bá ṣì wà nílẹ̀, òmíràn á ti gba ààyè rẹ̀ kí ẹ tó gbàgbé ìró ìbọn náà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ ẹ́. Àwòdì kì í sábà fi òkú sílẹ̀. Ọ̀sán ló ń ṣiṣẹ́: á rábàbà lókè, ìrù rẹ̀ tó là níparí á máa yí síbí sọ́hùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì máa já wálẹ̀, tí á gbé òròmọdìẹ kan ṣoṣo lọ. Òun fúnra rẹ̀ kì í sábà wọn kìlógíráàmù kan, nítorí náà adìẹ tó bá ti lé ní oṣù méjì ti kọjá ẹrù tó lè gbé. Ìṣe àṣá yàtọ̀. Ìyẹ́ apá rẹ̀ kúrú, inú igi máńgòrò tàbí igi kòkó ló ti ń ba, ilẹ̀ ló sì máa ń fò mọ́ wá. Ó lè jókòó jẹ ẹran rẹ̀ níbi tó ti pa á.

Bí ẹ bá bá òkú nílẹ̀, ẹ mú ìyẹ́ rẹ̀ sọ́wọ́ kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹyẹ a máa tu ìyẹ́ látìdí, tí ìdí náà á wà lódidi, ẹ sì lè rí ojú ibi tí ẹnu rẹ̀ ti há a. Akátá, ẹtà àti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin mìíràn a máa fi eyín gé e láàárín, itọ́ wọn a sì lẹ ìyẹ́ pọ̀ gbúdúgbúdú. Bí adìẹ púpọ̀ bá kú lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, tí ojú eyín wà lọ́rùn wọn, ẹ má wojú ọ̀run, ilẹ̀ lọ̀tá gbà wọlé. Bí òròmọdìẹ bá ń dín lóru láìsí ẹ̀jẹ̀, láìsí ìyẹ́, ejò tàbí òkété ni kí ẹ wá.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í yẹ̀ wò: bóyá adìẹ náà ti kú kí ẹyẹ tó débẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bó awọ ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ náà díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì sábẹ́ awọ, tí ẹran ibẹ̀ sì pọ́n dúdú, ààyè ni wọ́n pa á. Bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀, nǹkan mìíràn ló pa á, ẹyẹ kàn rí òkú he ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kú lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí orí wú, tí ogbe wọn sì di aláwọ̀ àlùkò, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn wọ́n rárá. Ẹ ti ọgbà, kí ẹ pe dókítà ẹran. Àìsàn lùkúlùkú kò ṣeé fojú di, bẹ́ẹ̀ ni H5N1, àrùn gágá ẹyẹ, tó wọ Nàìjíríà láti ọgbà adìẹ kan ní Kàdúná ní 2006, tó sì tún padà wá ní 2015. Pípa ẹyẹ igbó kì í dá irú àrùn bẹ́ẹ̀ dúró; ṣe ló máa ń tú wọn ká lọ sí ibòmíràn.

Igún ni wọ́n máa ń fẹ̀sùn kàn láìṣẹ̀. Òkú ló wá jẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára láti di ẹran mú gbé fò bíi ti àwòdì. Bí ẹ bá rí i lórí òrùlé ilé adìẹ yín, ẹ lọ wo ẹ̀yìn ọgbà, ẹ ó bá òkú adìẹ tí ẹnìkan jù síbẹ̀. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, síbẹ̀ wọ́n ti pa igún tó wà nílẹ̀ wa yìí débi pé láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀dá, ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó súnmọ́ ìparun pátápátá. Ó ń dùn wá gan-an, nítorí iṣẹ́ ìmọ́tótó tó ń ṣe fún àgbẹ̀ kò ní owó tí a lè fi san án.

Nítorí náà, ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Òkú adìẹ, ìfun àti ẹyin tó bà jẹ́ gbọ́dọ̀ wọ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ́jọ́ náà gan-an, kí erùpẹ̀ tó nípọn ẹsẹ̀ bàtà méjì sì bò ó. Oúnjẹ adìẹ tó dà sílẹ̀ ń pe ẹga àti eku, eku sì ń pe àwòdì.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ti òkè. Fún adìẹ ìbílẹ̀, àgò ṣì ni ọ̀gá: ìyá àtọmọ lábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, kí wọ́n máa jẹ̀ níta nígbà tí èèyàn bá wà nítòsí nìkan. Fún àgbàlá tó tóbi, àwọ̀n ni. Àwọ̀n ògbólógbòó lọ́wọ́ àwọn apẹja Ìgbókòdá tó iṣẹ́ ṣe. Ojú tó fẹ̀ tó íńṣì méjì ti tó fún àwòdì, ṣùgbọ́n bí ẹga àti ológoṣẹ́ bá wà nínú ẹjọ́, ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó íńṣì kan. Ẹ ri òpó ọparun mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá síra wọn, kí ẹsẹ̀ bàtà méjì wà nínú ilẹ̀, kí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀ wà lókè. Ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti gbó pa ẹsẹ̀ òpó nítorí ikán. Ẹ na wáyà láti orí òpó kan dé èkejì kí ẹ tó gbé àwọ̀n lé e, kí ẹ sì fi rọ́bà táyà wé orí òpó kó má baà gé àwọ̀n. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bà jẹ́ jù nìyí: wọ́n á so igun mẹ́rin nìkan, àwọ̀n á dẹ̀, ewé á kó jọ sí i, òjò kan á sì fà á lulẹ̀. Àwọ̀n tó dẹ̀ náà ló ń há ẹyẹ lẹ́sẹ̀.

Bí owó àwọ̀n kò bá sí, ẹ na okùn funfun kọjá lókè, ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ síra wọn. Àwòdì nílò ààyè láti já wálẹ̀, kó sì tún gbéra, kò fẹ́ràn ibi tí okùn dí. Okùn yìí kò ní dá àṣá dúró, nítorí inú ẹ̀ka igi ni àṣá ti kọ́ ọdẹ. Aṣọ́komásùn àti páńda tó ń dán yanran a máa ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ kò bá ń pààrọ̀ ipò wọn ní ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹyẹ á wá bà lé wọn lórí. Ẹyẹ awó méjì láàárín adìẹ sàn jù wọ́n lọ. Igbe rẹ̀ máa ń ṣáájú ewu.

Májèlé àti àtè, ẹ má dán an wò. Àtè kì í yan ẹni tó mú. Òròmọdìẹ tí wọ́n fi oògùn kòkòrò pa láti fi dẹ àwòdì á pa igún tó jẹ òkú àwòdì náà, á pa ajá, ọmọdé sì lè fọwọ́ kàn án.

Nípa ti àṣẹ, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1985 lórí ẹranko tó wà nínú ewu ìparun, tí wọ́n tún ṣe ní 2016, ní àwọn ẹranko tí èèyàn kò gbọdọ̀ pa tàbí mú láìsí ìwé àṣẹ. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ló ń rí sí i pé a pa òfin náà mọ́. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó igbó àti ẹranko rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí ẹ kò bá dá ẹyẹ náà mọ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko igbó ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́. Ìwé àṣẹ ìbọn kì í ṣe ìwé àṣẹ láti pa ẹyẹ: Òfin Ìbọn ti 1959 béèrè ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, títí kan ti ṣakabùlà.

Ohun tí àṣẹ láti pa ẹyẹ ń béèrè kò yàtọ̀ púpọ̀ káàkiri ayé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgbẹ̀ lè pa kannakánná dúdú tó ń yọ ojú ọmọ àgùntàn lábẹ́ ìwé àṣẹ gbogbogbò, ìyẹn èyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ní láti kọ̀wé béèrè, bó bá ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ṣáájú. Ní oṣù kẹrin 2019, Natural England, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ìwé náà jáde, fagi lé mẹ́ta nínú irú ìwé náà lẹ́yìn tí àwọn kan fẹ́ pè é lẹ́jọ́. Àwọn tuntun tí wọ́n gbé jáde lẹ́yìn náà ní ìlànà tó le jù. Ní Amẹ́ríkà, igún dúdú tiwọn, tí í pa ọmọ màlúù tuntun ní tòótọ́, wà lábẹ́ òfin 1918 tó ń dáàbò bo àwọn ẹyẹ tó ń ṣí kiri. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ní láti gbàwé kí wọ́n tó pa á, iye tí wọ́n lè pa sì wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà ẹ ní ìwé kan lọ́gbà láti òní: ọjọ́, wákàtí, ọjọ́ orí adìẹ tó lọ, ohun tí ẹ rí nílẹ̀, fọ́tò, àti ohun tí ẹ ti ṣe sí i. Nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ yín, ẹ dárúkọ ẹyẹ kan pàtó, iye tí ẹ ń béèrè, ẹni tí yóò yìnbọn, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ á parí. Bí wọ́n bá fún yín láṣẹ, ẹyẹ tí ẹ pa kì í ṣe ọjà. Ẹ má ta orí tàbí ìyẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó ń wá èròjà oògùn. Ẹ sin ín, kí ẹ sì jábọ̀ iye tí ẹ pa fún ọ́fíìsì tó fọwọ́ sí i.