Bí Wọ́n Ṣe Ń Díye Lé Erin Tó Wà Láàyè Nínú Igbó

Ní Ọwọ̀, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ti gbẹ́ eyín erin fún ọba àti ìjòyè fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, kò sẹ́ni tí a nílò láti ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé erin níye lórí. Ṣùgbọ́n erin tó ti kú ni iye tí wọ́n mọ̀ nígbà náà wà fún: ẹran rẹ̀, awọ rẹ̀ àti eyín rẹ̀. Irú ìṣirò yìí ni òwe tó sọ pé ọjọ́ erin bá kú là ń rí onírúurú ọ̀bẹ ń tọ́ka sí, nítorí gbogbo ẹni tó mú ọ̀bẹ wá ló ti mọ ibi tí òun máa gé. Èyí tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń ṣe lóde òní yàtọ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni iye tí erin ń mú wá lọ́dọọdún nígbà tó ṣì ń rìn nínú igbó, àti ọwọ́ ẹni tí owó náà ń bọ́ sí.

Ti eyín ló rọrùn jù láti ṣírò. A ó wọn eyín náà, a ó fi iye tí wọ́n ń ta kìlò kan sọ ọ́ di ìlọ́po, ó parí. Àléébù ibẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lè gba owó yìí, iye ọjà kì í sì í dúró sójú kan. Ní Ṣáínà, kìlò eyín erin tí a kò tíì gbẹ́ tó nǹkan bí 2,100 dọ́là ní 2014, ó sì ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 730 dọ́là ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, kí ìjọba ibẹ̀ tó ti ọjà náà pa ní òpin ọdún yẹn. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ba eyín erin tó lé ní tọ́ọ̀nù 2.5 jẹ́ ní oṣù kìíní 2024, èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó rú òfin, wọ́n díye lé e ní ohun tó ju bílíọ̀nù 9.9 náírà lọ. Owó ọjà tí òfin kò gbà láyè ni, kò sì sí èyí tó lè wọ àpò ìlú nínú rẹ̀.

Ti ìrìn-àjò afẹ́ ló tẹ̀ lé e. Ní 2014, David Sheldrick Wildlife Trust, àjọ kan tó ń dáàbò bo ẹranko ní Kẹ́ńyà, gbé ìṣirò kan jáde pé erin kan ń mú 22,966 dọ́là wọlé lọ́dún láti ọwọ́ àwọn tó ń wá wò ó. Nítorí pé erin lè lo 70 ọdún láyé, wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po 70, ó sì lé ní mílíọ̀nù 1.6 dọ́là, èyí tó jẹ́ ìlọ́po 76 owó eyín rẹ̀.

Ìṣirò náà wúlò, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ kí a dúró lé lórí. Owó tí yóò wọlé ní 70 ọdún sí i kì í ṣe ẹgbẹ́ owó tó wà lọ́wọ́ lónìí. Ẹni tó bá ti dá èsúsú rí mọ̀ bẹ́ẹ̀: iye kan náà ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń dá, síbẹ̀ ẹni tó kó o lóṣù kìíní àti ẹni tó kó o gbẹ̀yìn kò jèrè bákan náà, nítorí ẹni àkọ́kọ́ ti lè fi tirẹ̀ ra ọjà, kó tà á, kó sì tún òmíràn rà kí ọwọ́ tó kan ẹni ìkẹyìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé fi ń fi ìwọ̀n èlé kan dín owó ọjọ́ iwájú kù kí wọ́n tó rò ó pọ̀. Bí a bá fi èlé 5 nínú 100 lọ́dún ṣe é, 22,966 dọ́là tó ń wọlé fún 70 ọdún yóò di nǹkan bí 444,000 dọ́là péré lónìí, ìyẹn díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Erin náà kò yí padà. Èlé tí a yàn ló yí iye rẹ̀ padà. Ẹni tó bá ka iye kan nípa erin níbikíbi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí èlé tí wọ́n lò.

Ohun kejì ni pé erin ọ̀dàn ni ìṣirò yẹn bá mu. Ìwádìí tí Robin Naidoo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2016 fi hàn pé Áfíríkà ń pàdánù nǹkan bí mílíọ̀nù 25 dọ́là owó ìrìn-àjò afẹ́ lọ́dún nítorí erin tí wọ́n ń pa, àti pé ní ọ̀dàn, owó àwọn àlejò lè gbé ìnáwó ààbò erin. Ṣùgbọ́n nínú igbó dídí Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, kò gbé e. Ó rọrùn fún wa láti rí ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá ti Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè yóò rí òkè náà lókèèrè kó tó débẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní 600 sì ń dúró dè é. Erin inú igbó Ọmọ, tí kò jìnnà sí igbó ọba Olúwa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ níbẹ̀ kó má rí ju ipa ẹsẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí erin ń ṣe fún igbó fúnra rẹ̀ ló yẹ kí a gbé wò dáadáa nílẹ̀ tiwa. Bí àgbẹ̀ ṣe ń fa àgbàdo tó fún pọ̀ jù tu lójú ebè kí ìyókù lè ráyè, bẹ́ẹ̀ ni erin igbó ń ṣẹ́ igi kéékèèké tó rọ̀, tó sì ń yára dàgbà. Ìmọ́lẹ̀ àti omi á wá kù fún igi líle tó ń pẹ́ dàgbà, irú igi bẹ́ẹ̀ ló sì ń kó kábọ́ọ̀nù pamọ́ jù sínú ìtì rẹ̀. Erin tún ń gbé èso ńlá mì, bí òro tí à ń fi kóró rẹ̀ se ọbẹ̀ àpọ̀n, á sì yà á síbi tó jìnnà sí ìdí ìyá rẹ̀. Ní 2019, Fabio Berzaghi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé bí erin bá tán nínú igbó Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, ìwọ̀n igi orí ilẹ̀ níbẹ̀ yóò fi 7 nínú 100 dín kù. Lórí irú ìmọ̀ yìí ni Ralph Chami, tó jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní IMF, àjọ tó ń rí sí ètò owó lágbàáyé, nígbà náà, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gùn lé ní 2020 tí wọ́n fi sọ pé iṣẹ́ erin igbó kan lé ní mílíọ̀nù 1.75 dọ́là.

Bí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ kò ṣòro tẹ̀ lé. Níbi tí erin bá tó ìdajì sí ẹyọ kan nínú kìlómítà kan níbùú lóròó, ìyẹn hẹ́kítà 100, igi ń fi tọ́ọ̀nù 26 sí 60 pọ̀ sí i lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan. Ká mú èyí tó kéré jù. Nǹkan bí ìdajì igi gbígbẹ ni kábọ́ọ̀nù, 26 di 13. Tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù kan dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bí tọ́ọ̀nù 3.67 CO2, ìyẹn afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó ń mú ayé gbóná, òun sì ni àwọn tó fẹ́ kí ó dín kù ń sanwó fún ní tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù lọ́jà, ó sì di nǹkan bí 48. Hẹ́kítà 200 ló kan erin kan, àròpọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí 9,500 tọ́ọ̀nù. Bí wọ́n bá ń ra tọ́ọ̀nù kan ní dọ́là 10, ó di 95,000 dọ́là; bí ó bá jẹ́ dọ́là 50, ó di 475,000. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni igbó sì máa lò kó tó kó gbogbo rẹ̀ jọ, èlé yóò tún jẹ nínú rẹ̀. Kò sì tíì di owó gidi àfi bí ẹnì kan bá gbà láti san án lábẹ́ àdéhùn, tí ẹ̀rí sì wà pé àwọn erin náà ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn mìíràn ń lọ bá aráàlú, wọ́n á béèrè iye tí oníkálùkù lè san kí erin má bàa parun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní fojú kàn án láéláé. Bí a bá gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ sí Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, iye tí àwọn ènìyàn fẹnu sọ lè ju èyí tí wọ́n máa yọ lápò lọ, ó sì pọn dandan kí olùwádìí wá ọgbọ́n ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ń ka erin bí ẹni pé ọ̀kan lè dípò èkejì. Ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣẹ́kù díẹ̀. Ní 2021, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ohun alààyè, kéde pé erin igbó ti fi ohun tó ju 86 nínú 100 dín kù láàárín ọdún 31. Ní Nàìjíríà, wọ́n fojú bù ú pé gbogbo erin tó kù kò tó 400. Abo erin igbó máa ń tó nǹkan bí ọdún 23 kó tó bímọ àkọ́kọ́, oṣù 22 ló fi ń lóyún, ọdún 5 sí 6 sì máa ń wà láàárín ọmọ kan àti èkejì. Ẹni tó bá pa irú abo bẹ́ẹ̀ ti pa àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn, iṣẹ́ tí àwọn ọmọ náà ì bá ṣe sì gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò.

Ìnáwó ló kù tí a ó yọ: owó oṣù àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, owó ilẹ̀ tí a kò jẹ́ kí wọ́n dáko sí, àti ohun tí erin bàjẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n máa ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù, kò sì tọ́, nítorí gbogbo ayé ló ń jẹ èrè kábọ́ọ̀nù, àgbẹ̀ etí igbó ló ń ru àdánù. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń mú kòkó jáde jù ní Nàìjíríà, oko kòkó sì wọ inú igbó ọba lọ́pọ̀ ibi. Bí erin bá wó igi kòkó kan, kì í ṣe èso tó wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà nìkan ni a ó kà. Èyí tí a bá gbìn dípò rẹ̀ yóò lo ọdún 3 sí 5 kó tó so, ìkórè gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni a ó rò mọ́ ọn, pẹ̀lú èlé kan náà tí a fi dín owó erin kù, kí a tó kọ iye tó tọ́ sí àgbẹ̀ náà sílẹ̀.