Kí ló ń kùn nínú orúkọ Dumbledore?

Wọ́n ní kòkòrò ni Dumbledore. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ onírùngbọ̀n gígùn inú ìwé Harry Potter tó gba orúkọ náà, àwọn ará abúlé ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi í pe oyin ńlá kan, onírun lára, tó sanra, tó máa ń kùn láti orí òdòdó kan dé òmíràn. Ìwé kan tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwọn àdúgbò ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1787. J. K. Rowling, ẹni tó kọ ìwé Harry Potter, fúnra rẹ̀ sọ pé òun ń fojú inú rí bàbá náà bó ṣe ń rìn kiri, tó ń kùn orin sábẹ́nu. Ìdí tó fi sọ ọ́ lórúkọ oyin nìyẹn.

Kí ni "dumble", kí sì ni "dore"?

"Dore" ló dàgbà jù. Láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń pe oyin yìí ní *dora*. Títí dòní, wọ́n ṣì ń pe ìbátan yímíyímí kan ní *dor*, nítorí ariwo tó máa ń pa bó bá ń fò lálẹ́. Ẹ wo ìyàtọ̀: àwa wo iṣẹ́ ọwọ́ kòkòrò náà, a rí i pé imí ló ń yí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ́tí sí i.

"Dumble" ní tirẹ̀ kò ní ìtumọ̀ kankan ju ohùn lọ. Òun àti *bumble* àti *drumble*, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ pè wọ́n kí ẹ gbọ́ bí ètè ṣe ń pàdé, tí ohùn á sì gba imú kọjá. Ẹni tó bá gbọ́ "yànmùyánmú", tí etí rẹ̀ kò yún un, kò tíì sùn láìsí nẹ́ẹ̀tì rí.

Ṣé nítorí ìrẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ṣe tún ń pe oyin náà ní humble-bee?

Rárá o! Ẹni tí oyin bá ti ta rí kò ní dá irú ìbéèrè yẹn. *Humble* tó jẹ́ ìrẹ̀lẹ̀ wá láti èdè Látìn. Ti oyin wá láti ara *hum*, ìyẹn kíkùn. Ọ̀rọ̀ méjì ni, lẹ́tà ló bá wọn dọ́gba, bí ẹni kọ "oko" láìfi àmì sí i, tí a kò mọ̀ bóyá ọkọ́ ni tàbí ọkọ̀.

*Humble-bee* ti wà nínú ìwé láti nǹkan bí 1450, kí *bumblebee*, orúkọ tí wọ́n ń pè é lónìí, tó dé. Òun náà ni Darwin, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, lò ní 1859, òun sì ni Sladen, onímọ̀ nípa kòkòrò, fi ṣe àkọlé ìwé rẹ̀ nípa oyin yìí ní 1912. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni *bumblebee* gbapò lọ́wọ́ rẹ̀. Dumbledore kò tilẹ̀ bá wọn du ipò. Nínú ìwé kan tí Thomas Hardy kọ ní 1886, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ ìwà àwọn ọlọ́lá jáwọ́ nínú "dumbledore", ó wá ń sọ "humble bee". Ọ̀rọ̀ ará oko ni wọ́n kà á sí nígbà náà.

Drone tó ń fò lókè ńkọ́?

Oyin náà ni! *Dran*, tó di *drone*, ni wọ́n ń pe akọ oyin láyé àtijọ́: kì í ta, kì í kó oúnjẹ wálé. Ní 1935, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọkọ̀ òfuurufú kan tí kò ní awakọ̀, tí àwọn ọmọ ogun fi ń kọ́ ìbọn yíyìn, wọ́n pè é ní Queen Bee, ayaba oyin. Nígbà tí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà wá ṣe tiwọn, bí ayaba bá ti wà nílẹ̀, orúkọ wo ló tún kù?

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń bá oyin sọ̀rọ̀?

Láyé àtijọ́, ọfọ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè fún un. Ọ̀kan wà nínú ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kan ní Corpus Christi College, Cambridge. Bí oyin bá ṣí kúrò nílé, olóyin á fi ọwọ́ ọ̀tún bu erùpẹ̀, á jù ú sábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Lẹ́yìn náà á da yanrìn lé oyin lórí, á máa pè wọ́n ní obìnrin aṣẹ́gun: kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má sá wọgbó, kí wọ́n rántí ire òun bí ènìyàn ṣe ń rántí oúnjẹ àti ilé. Babaláwo wa kan kò ní rí ohun àjèjì nínú rẹ̀.

Níbo gan-an ni ohùn náà ti ń wá?

Láti ara ìyẹ́ àti iṣan àyà tó ń mì ín. Ìyẹ́ oyin yìí ń lù tó nǹkan bí ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n ó tún lè kùn láìfò: á fi ẹnu di òdòdó tòmátì mú, á ká ìyẹ́ kò, á wá máa gbọn iṣan náà títí àtíkè inú òdòdó yóò fi dà sí i lára. Oyin tí à ń fá oyin rẹ̀ lá kò mọ̀ ọ́n ṣe. Láti òpin ọdún 1980s ni àwọn tó ń gbin tòmátì sínú ilé onígíláàsì ní Yúróòpù ti ń ra dumbledore nínú páálí. Kó tó dìgbà náà, òṣìṣẹ́ ló ń gbé ẹ̀rọ kékeré kan kiri, á fi máa gbọn òdòdó tòmátì léraléra lọ́sẹ̀.