Òkúta Tìróò: Ibi Tó Ti Ṣẹ̀ Wá àti Ohun Tó Ń Mú Un Ṣú

Ẹni tó bá rò pé inú àpáta bíi Olúmọ ní Abẹ́òkúta ni tìróò ti wá ṣìnà: tìróò kì í ṣe ọmọ Olúmọ. Àpáta tí Ṣódẹkẹ́ àti àwọn Ẹ̀gbá sá sí lábẹ́ ní 1830, giráníìtì ni. Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ di tìróò kò bá a tan. Abakaliki àti Ishiagu ní Ebonyi, títí dé Zurak ní Plateau, ni ilẹ̀ Nàìjíríà kó irú òkúta yẹn pamọ́ sí.

Nígbà tí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ń ya ara wọn, ó lé ní 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ là gbọọrọ ní agbègbè odò Benue. Lẹ́yìn náà ni omi iyọ̀ gbígbóná gba inú àpáta tó sán, ó gbé òjé, síǹkì àti irin dání. Níbi tí wọ́n ti pàdé imí-ọjọ́, wọ́n dì. Òjé àti imí-ọjọ́ tó so pọ̀ yẹn ni gàlénà, òkúta tí wọ́n ń lọ̀ di tìróò. Bó bá mọ́ pátápátá, òjé inú rẹ̀ jẹ́ 86.6 nínú 100. Àmọ́ kí ló ti inú ilẹ̀ jáde tó mọ́? Ní 2012, elétò ìlera Amẹ́ríkà ròyìn tìróò láti Nàìjíríà tí wọ́n lé fún ọmọ oṣù mẹ́fà kan ní Boston: òjé 82.6 nínú 100. (Ojú ọmọ jòjòló o!)

Gàlénà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ń dán gbinrin. Tó bá pẹ́, ọ́síjìn àti ọ̀rinrin á fi èèpo sọ́fétì (òjé, imí-ọjọ́ àti ọ́síjìn tó so pọ̀) tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, á ṣú. Èèpo yìí kì í tètè yọ́ nínú omi, òun ló ń dáàbò bo abẹ́ rẹ̀. Bí ìpẹtà náà ṣe máa yá tó dọwọ́ àwọn tó bá a rìn. Ẹ wo páíráìtì, ìyẹn òkúta irin àti imí-ọjọ́ tó sábà ń bá a gbé. Bí méjèèjì bá fara kanra nínú omi, wọ́n di bátìrì kékeré: gàlénà ló máa dípẹtà, páíráìtì á wà bó ṣe wà. Èyí tó wọnú òkúta gan-an tún ní ìṣe tirẹ̀. Irin tó gba àyè síǹkì nínú òkúta síǹkì ń mú un tètè dípẹtà; ásẹ́níìkì, èròjà olóró kan, ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún páíráìtì. Fàdákà àti antimony a máa wọnú gàlénà pọ̀, wọ́n sì ń yí bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá padà. Lílọ̀ náà tún dá kún un: bó bá ṣe kúnná tó ni afẹ́fẹ́ ṣe ń rí i jẹ tó.

Àwọn kan máa ń sọ pé oró òjé inú tìróò tó ti ṣú ti rọ̀, pé kò le ṣe èèyàn ní jàǹbá mọ́. Rárá o. Ní Zamfara ní 2010, òjé inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ pa ọmọdé tó lé ní 400. Púpọ̀ nínú òjé yẹn ti dípẹtà di kábọ́nétì (òjé tó so pọ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn) tipẹ́ nínú ilẹ̀, omi inú ikùn sì ń yọ́ kábọ́nétì yìí kíá ju gàlénà tó ṣì ń dán lọ.