Tuntun inú páálí àbí tòkunbọ̀? Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìran tó jẹ́

Ní gbogbo ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá ń wọ OAU, ìbéèrè kan náà làwọn òbí máa ń gbé wá fún àwa tó ń tún láàpútọ́ọ̀pù ṣe nílùú Ifẹ̀: "Ẹnjiníà, èwo ló tuntun jù?" Àwọn tó béèrè nìyẹn o. Ọ̀pọ̀ ti sanwó kí wọ́n tó wá béèrè. Wọ́n á gbé páálí kalẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ á ṣì máa dún, wọ́n á ní ká bá àwọn fi Word sí i, ká sì jẹ́ kó yára. Ohun tó wà nínú páálí yẹn ò sì lè yára láéláé.

Ọdún tí ẹ̀rọ kúrò nílé iṣẹ́ kọ́ ló ń sọ agbára rẹ̀. Láàpútọ́ọ̀pù tuntun tó ní Celeron N4020 (processor ni, ọpọlọ ẹ̀rọ), RAM 4GB (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) àti eMMC 64GB (ibi tó ń kó fáìlì pamọ́ sí), ì báà jẹ́ àná lẹ rà á, kò lè bá HP EliteBook 840 G5 tí wọ́n ti ń lò nílùú Ọba láti 2018 du nǹkan kan. Core méjì péré, ìyẹn òṣìṣẹ́ méjì péré nínú ọpọlọ náà, ni Celeron yẹn ní. Core i5-8350U tó wà nínú 840 G5 ní mẹ́rin, ó sì lè mú iṣẹ́ mẹ́jọ dání lẹ́ẹ̀kan náà. eMMC yẹn, jíjó ni wọ́n jó o mọ́ bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ, kò ṣeé yọ kéèyàn fi èyí tó tóbi rọ́pò rẹ̀. Windows 11 nìkan á ti gbà ju 20GB lọ nínú 64 náà. Bí update ńlá bá dé, kò ní ríbi gbà, ẹ̀rọ á sì máa ṣe bí ẹni tó ń mí gúlegúle. N ò ní jókòó ṣàlàyé RAM jù bẹ́ẹ̀ lọ níbí. Ẹ bi ọmọ ilé yín.

Bí wọ́n ṣe ń mọ ìran processor kò le. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì àárín orúkọ rẹ̀. i5-6300U, ìran kẹfà nìyẹn. i5-8350U, ìran kẹjọ, èyí táwọn tó ń tà á ń pè ní 8th gen. Ní i7-10510U, méjì àkọ́kọ́ ló ń sọ ìran, ìkẹwàá ni. i5-1135G7 jẹ́ ìkọkànlá. Lẹ́tà ìparí náà níṣẹ́ tirẹ̀. U ni ti ẹ̀rọ tí kì í jẹ iná púpọ̀. H ni ti alágbára tó máa ń gbóná, òun sì lọmọ Architecture tó fẹ́ fi Revit ya àwòrán ilé nílò. Y ni ti pẹlẹbẹ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní fáànù; tí iṣẹ́ bá pọ̀ fún wákàtí kan, á rẹ̀ ẹ́.

Ìdí nìyí tí inú fi máa ń bí mi bí ẹnì kan bá wọlé tó ní, "Core i7 ni mo fẹ́ o, n ò gba i5." Core i7 ìran wo? Kò mọ̀. Core i7-4600U ní core méjì, Core i5-8250U ní mẹ́rin. Láti ìran kẹrin títí dé ìkeje, kò sí i7 oní-U kankan tó ju core méjì lọ. Ọdún 2017, ní ìran kẹjọ, ni Intel, iléeṣẹ́ tó ń ṣe àwọn Core yìí, tó sọ ọ́ di mẹ́rin. Ẹni tó fi owó kún owó nítorí i7 ìran kẹrin, orúkọ ló rà.

AMD, iléeṣẹ́ tó ń bá Intel du ọjà processor, náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ẹni tó bá rí Ryzen 5 7520U á rò pé òun ti dé òkè. Nínú ọ̀wọ́ 7000 yẹn, nọ́ńbà kẹta ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. 2 tó wà níbẹ̀ ń sọ pé Zen 2 ni, irú iṣẹ́ tí AMD ti ń gbé jáde láti 2019. 7530U, tí 3 wà níbẹ̀, sàn jù ú lọ dáadáa. RAM ẹ̀rọ oní-7520U náà, jíjó ni wọ́n jó o mọ́ bọ́ọ̀dù: iye tẹ́ ẹ bá bá lára rẹ̀ lẹ máa lò títí tó fi máa kú.

Ìran kẹjọ ni mo fi ṣe ààlà fún ẹni tó bá ń ra tòkunbọ̀ lónìí, ìdí ibẹ̀ ò sì fara sin. Ní 14 October 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró. Windows 11 sì ń béèrè ohun ààbò méjì nínú ẹ̀rọ, TPM 2.0 àti Secure Boot, ó sì tún ń béèrè, ní ti Intel, processor ìran kẹjọ sókè, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje. Àwọn kan mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú tí wọ́n fi ń ki Windows 11 sínú ìran kẹfà. Á ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n update ńlá ọdọọdún kì í wá fúnra rẹ̀ mọ́, Microsoft ò sì ṣèlérí ohunkóhun fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Bí owó ò bá gbé e, 840 G3 tó jẹ́ ìran kẹfà ṣì lè gbé ẹni tó ń kọ prójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Unifásítì Ìlẹ́ṣà dé ibi tó ń lọ. Ó tiẹ̀ ní ohun kan tí G5 ò ní: ó láyè fún SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì tó yára ju hard disk lọ) oní-M.2 tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tún láyè fún SSD oní-íǹṣì 2.5, kéèyàn fi Windows sórí ọ̀kan, kó kó fáìlì sórí èkejì. Wọ́n ti yọ àyè 2.5 yẹn kúrò nínú G5. Ojú ihò RAM méjì ni àwọn méjèèjì ní, DDR4 sì ni irú RAM tí wọ́n ń lò. Ẹ ra 8GB ẹyọ kan, kẹ́ ẹ fi ojú kejì sílẹ̀ fún ọjọ́ míì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi 4GB méjì dí i. G1 àti G2 ń lo DDR3L, kò lè wọ inú G3 láé, bí ọmọ ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ búra fún yín. Bó bá sì jẹ́ hard disk ló wà nínú ohun tẹ́ ẹ ní nílé tẹ́lẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí SSD kẹ́ ẹ tó pè é ní ẹ̀rọ tó ń fà.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Gbogbo èèyàn ló ń yẹ ara ẹ̀rọ wò bóyá ó ha, wọn ò yẹ bátìrì wò, bẹ́ẹ̀ iná ìjọba tá a ní nìyí. Ẹ tẹ cmd síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan lórí Windows, ẹ ṣí i, ẹ kọ powercfg /batteryreport, kẹ́ ẹ tẹ Enter. Á sọ ibi tó tọ́jú fáìlì kan tó ń jẹ́ battery-report.html sí. Ẹ ṣí fáìlì náà. Ìlà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ kà: DESIGN CAPACITY, ìyẹn iye tí bátìrì náà lè gbà nígbà tó wà ní tuntun, FULL CHARGE CAPACITY, iye tó lè gbà báyìí, CYCLE COUNT, iye ìgbà tí wọ́n ti lò ó tán tí wọ́n sì ti gbaná sí i padà. Ti 840 G5 máa ń wà ní nǹkan bí 50,000 mWh ní tuntun (1,000 mWh ló ń gbé watt kan fún wákàtí kan). Tẹ́ ẹ bá bá 30,000, ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló kù. Ẹ̀rọ yìí máa ń jẹ nǹkan bíi watt 10 téèyàn bá ń tẹ Word tí iná ojú rẹ̀ ò mọ́lẹ̀ jù, nítorí náà 30,000 á fún yín ní wákàtí mẹ́ta. Tó bá jẹ́ 12,000 lẹ bá, wákàtí kan lé díẹ̀ ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tẹ́ ẹ fẹ́ san.

Àmọ́ fáìlì yẹn lè parọ́. Bí ìlà méjèèjì bá dọ́gba délẹ̀ lórí ẹ̀rọ 2018, tí CYCLE COUNT sì jẹ́ 0, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi bátìrì mìíràn sí i, ayédèrú sì lọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ dán an wò níṣojú ẹni tó ń tà á. Ẹ jẹ́ kó kún dé 100, ẹ yọ ṣájà, ẹ fi iná ojú rẹ̀ sí ìdajì, kẹ́ ẹ máa wo fídíò fún ogún ìṣẹ́jú. Bó bá bọ́ sí 90, ó dára. Bó bá lọ sísàlẹ̀ 80, ẹ gbé e padà fún wọn. Bó bá fò láti 40 bọ́ sí 9 lójijì nígbà tẹ́ ẹ ń lò ó nìṣó, ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti kú. Ẹ tún gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú. Bó bá ń mì síbí mì sọ́hùn-ún, tàbí tí touchpad, ibi tí wọ́n ń fi ìka ra, bá le láti tẹ̀, bátìrì ti wú nínú. Ẹ má gbaná sí i, ẹ má gún un, ẹ má fi ohunkóhun tẹ̀ ẹ́ wọlé, iná ni.

Lenovo T480 ní bátìrì méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn tó ṣeé yọ. Ọ̀kan ṣoṣo lọ̀pọ̀ ń yẹ̀ wò. Fáìlì yẹn á to àwọn méjèèjì síbẹ̀, ẹ ka méjèèjì.

Ẹni tó ní kẹ́ ẹ gbé bátìrì sínú fírísà mọ́jú kó lè jí, ẹ má dá a lóhùn. Lithium, irú bátìrì tó wà nínú láàpútọ́ọ̀pù òde òní, tí wọ́n bá ti lò ó gbó, ó ti gbó nìyẹn. Ohun tí fírísà máa fi kún un ni omi, tẹ́ ẹ bá sì fi omi yẹn gbaná, bọ́ọ̀dù náà á bá a lọ. Bákan náà ni ti àwọn tó ń ní kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ tuntun sórí iná fún odidi ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó tàn án. Bátìrì ayé àtijọ́ ló ń béèrè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe lithium. Àwọn tó ń ra transformer 110 nítorí pé Amẹ́ríkà ni láàpútọ́ọ̀pù wọn ti wá ńkọ́? Ẹ yí ṣájà náà dojú dé, ẹ ka ibi tí wọ́n kọ INPUT sí: 100-240V. Ìyàtọ̀ orí ṣájà lásán ni. Ẹ ra adápítọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ má sì gba sítíkà gbọ́. Sítíkà Core i7 wà lọ́jà, wọ́n sì tún lè yí orúkọ processor padà nínú Windows kó máa pe ara rẹ̀ ní ohun tí kì í ṣe. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ CPU, kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Cores sí. Ẹ̀rọ tó ń pe ara rẹ̀ ní i7 oní-U ìran kẹjọ, tí core rẹ̀ jẹ́ 2, irọ́ ni. Inú BIOS, ìyẹn ètò inú bọ́ọ̀dù tó máa ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn, lẹ ti máa rí òótọ́: F10 ni ti HP, F2 ni ti Dell, F1 ni ti ThinkPad, ní kété tẹ́ ẹ bá ti tàn án.

Ewu tó ju gbogbo èyí lọ nìyí, ara àwọn tòkunbọ̀ tí ọjọ́ wọn ò tíì jìn ló sì pọ̀ sí jù. Iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ ni ẹ̀rọ náà lókè òkun ti lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft, ètò tí wọ́n ń pè ní Autopilot. Bí wọn ò bá yọ orúkọ náà kí wọ́n tó kó o tà, á wà níbẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tó ń tà á mọ̀. Wọ́n á fi Windows sí i láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, á tàn, á dán, ẹ̀yin náà á sanwó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ̀rọ á dorí kodò, wọ́n á ní kẹ́ ẹ tún Windows rẹ̀ ṣe, ẹ á so ó mọ́ Wi-Fi, orúkọ iléeṣẹ́ kan tẹ́ ẹ ò rí rí á yọ lójú ẹ̀rọ, á ní kẹ́ ẹ fi ímeèlì òṣìṣẹ́ wọlé. Pípa Windows rẹ́ ò lè mú un kúrò, SSD tuntun ò lè mú un kúrò, torí pé bọ́ọ̀dù gan-an ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tó ń kọ prójẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ á wá máa sunkún kiri Lagere nílùú Ifẹ̀ níbí.

BIOS náà lè ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Àwọn ayédèrú ẹnjiníà á ní káwọn yọ bátìrì kékeré inú bọ́ọ̀dù fún òru kan, á lọ. Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì ayé àtijọ́ ni ìyẹn ti ń ṣiṣẹ́. Lórí EliteBook òde òní, inú ṣíìpù tí kò nílò iná ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Tí ọ̀rọ̀ náà bá wá di pé wọ́n ń yọ ṣíìpù, tí wọ́n ń kọ ọ́ tuntun, ẹ̀rọ náà lè má tàn mọ́ rárá.

Nítorí náà, níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ wọ BIOS, ẹ wò ó bóyá á béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ lọ sí Security, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Absolute sí, ètò tí iléeṣẹ́ fi ń tọpa ẹ̀rọ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ wà ní Active. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Reset this PC, ẹ yan Remove everything, ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín bó bá béèrè, kẹ́ ẹ sì dúró tì í títí tó fi máa béèrè orúkọ yín, láìsí orúkọ iléeṣẹ́ kankan. Ó lè gbà ju wákàtí kan lọ. Ẹni tó ń tà á á ní ẹ ń dá òun dúró. Ẹ jẹ́ kó máa sọ.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ serial number inú BIOS sórí rìsíìtì, kẹ́ ẹ fi wé èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ. Bí méjèèjì ò bá bára mu, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pààrọ̀ bọ́ọ̀dù rẹ̀. Kó kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé bí orúkọ iléeṣẹ́ bá yọ jáde láàárín ọdún kan, owó yín á padà pé. Bó bá ní òun ò lè kọ ìyẹn, ẹ gba owó yín, kẹ́ ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e.